Ikọ́ Ọkọ Àǹtí Mi

Ọkọ àǹtí mi, aláṣọ ní Sabon Gari, kì í wọlé ẹnikẹ́ni tàbí òde àríyá láì kọ́kọ́ wúkọ́. Ó ní ó yẹ kí olórin mọ̀ pé òun ti dé, kó lè ki òun.

Olùkọ́ yunifásítì kan fún wa ní tíkẹ́ẹ̀tì orin òyìnbó ní Samaru. Ọkọ àǹtí mi bá fọ́nnu fún àǹtí mi pé òyìnbó máa ki òun lónìí.

Iwájú pátápátá la jókòó sí. Àwọn òyìnbó gbé gòjé wọn léjìká, ibẹ̀ pa rọ́rọ́. Ó wúkọ́. Olórí wọn yíjú, ó fojú burúkú wò ó.

"Ó ti rí mi!" ló sọ sí mi létí.

Wọ́n ta gòjé títí, ẹnikẹ́ni nínú wọn ò lanu kọrin. Ó wúkọ́ títí ọ̀fun ẹ̀ fi gbẹ. Wọ́n tẹríba, wọ́n bá tiwọn lọ.

"Haba! Wọn ò tiẹ̀ béèrè orúkọ mi! Kí ni mo fẹ́ sọ fún àǹtí ẹ?"

"Ẹ má bínú, Àlàájì. Ohùn tèmi dùn ju gòjé wọn lọ. Màá kì yín."

Mo ti lanu, ó di ẹnu mi mú. "Dúró ná, jẹ́ ká délé."

Nígbà tá a dé ẹnu ọ̀nà, ó tún agbádá ṣe, ó wúkọ́.