Abọ́ Funfun Wolé-wolé

Bí mo bá ti rí abọ́ funfun, wolé-wolé tó ń wá sí agboolé wa ní Bẹẹrẹ ni mo máa ń rántí. Á fi abọ́ rẹ̀ bu omi kànga, á gbé e sí oòrùn, á máa wá tanwíjí inú rẹ̀. Bí kò bá rí i, á ní, "Ìyá, ẹ máa mu ún. Ojú mi yìí ni òfin."

Èmi náà á ní, "Ọdẹ ẹ̀fọn, ẹ ṣeun o."

Lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì, ó gbé èsì àyẹ̀wò kànga náà wá bá mi. Wọ́n bá kẹ́míkà nínú rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń fi sára páànù tí a fi ń dín nǹkan, kí ẹyin má baà lẹ̀ mọ́ ọn.

"Ṣé kí n sè é ni, àbí kí n fi álọ́ọ̀mù sí i?"

"Kò ràn án, Ìyá. Kì í jẹrà."

"Ẹ fi òfin mú àwọn tó dà á sómi."

"Mo ti dé ọ́fíìsì. Wọ́n ní ti tanwíjí ló wà lọ́wọ́ àwọn, ìjọba ò tíì ṣòfin eléyìí."

Ó bu omi, ó gbé e sí oòrùn. Omi náà mọ́ gaara.

"Ọdẹ ẹ̀fọn, kí lẹ rí?"

Ó tún tẹjú mọ́ abọ́ náà. Kànga yìí nìkan la ní. Nígbà tó lọ, àwọn ọmọ ọmọ mi gbé korobá dé, mo sì bá wọn fa okùn.