Pépà Àkàrà Tó Fún Mi Lọ́kọ

Ẹ̀ẹ̀kan ni mo ṣègbéyàwó láyé mi, ọkọ mi sì ti kú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá béèrè mi ní àdúgbò wa ní Bàrígà lọ́dún tó kọjá, wọ́n á sọ fún yín pé mo ti ní òmíràn, pé ọkọ ọlọ́kọ ni, pé a tilẹ̀ ti tẹ káàdì. Irọ́ ni. Ibi tí irọ́ náà ti wá ni mo fẹ́ sọ, torí ọwọ́ ara mi ni mo fi gbé e wọ àdúgbò.

Ilé ìtẹ̀wé kan ní Bajulaiye, ní Ṣómólú, ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mo máa ń ká ìwé tí mo sì máa ń dì í pọ̀. Gbogbo ẹni tó bá mọ iṣẹ́ wa ló mọ wéèstì, pépà àlòkù tí a fi ń dán ẹ̀rọ wò. Bí a bá fẹ́ tẹ iṣẹ́ tuntun, a kì í fi pépà tuntun bẹ̀rẹ̀. Pépà iṣẹ́ àná tí a ti lò tán la máa kọ́kọ́ kì bọ ẹ̀rọ, títí íńkì á fi jókòó dáadáa. Nítorí náà, ojú òkú àti ojú ọmọ tuntun lè pàdé lórí pépà kan, ẹsẹ̀ Bíbélì sì lè gun orí ìpolówó ọṣẹ. Bí wéèstì bá ti pọ̀, àwa òṣìṣẹ́ á pín in, kálukú á gbé tirẹ̀ lọ fún aláàkàrà tàbí ẹlẹ́pà àdúgbò rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń wo ohun tó wà lára rẹ̀. Ta ló máa ń ka pépà àkàrà?

Wọ́n ka tèmi. Nígbà tí mo pé àádọ́ta ọdún, ọ̀gá wa tẹ ìwé ìdúpẹ́ fún mi, pẹ̀lú àwòrán mi nínú gèlè aláwọ̀ ewé. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, bàbá onílé kan ní àdúgbò wa gbé iṣẹ́ wá: òun àti ìyàwó rẹ̀ fẹ́ dúpẹ́ pé ìgbéyàwó wọn ti pé ọgbọ̀n ọdún. Pépà tèmi ni wọ́n fi dán ẹ̀rọ wò. Pépà náà kéré sí tiwọn, àwòrán ìyàwó sì bọ́ síta. Ohun tó kù lórí rẹ̀ ni àkọlé ńlá, “Ìdúpẹ́ Ìgbéyàwó,” bàbá onílé tó ń rẹ́rìn-ín, àti èmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú gèlè. Mo kó o pọ̀ mọ́ ìyókù, mo gbé e fún aláàkàrà tó wà lẹ́nu ọ̀nà wa. Ó dúpẹ́, ó fi ènì sí àkàrà mi.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ẹnì kan ti fi fóònù ya pépà náà tòun ti òróró lára rẹ̀, ó ti gbé e sórí gúrúùpù àdúgbò.

“Mọ́mì, kí lẹ ṣe?” ni ọmọ mi obìnrin bi mí. Ó ń sunkún, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Ọmọkùnrin kan fẹ́ fẹ́ ẹ, àwọn ẹbí ọmọkùnrin náà sì ti múra àtiṣe ìwádìí. Ẹ mọ̀ bí a ṣe ń ṣe é: kí wọ́n tó wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, wọ́n á kọ́kọ́ rán àgbàlagbà kan wá bi àwọn aládùúgbò bóyá olè wà nínú ẹbí náà, bóyá wèrè wà níbẹ̀, irú ìyá wo ló bí ọmọ náà. Àwọn aládùúgbò ọ̀hún rèé, ẹnu wọn ti kún.

“Ẹ sáà kọ ọ́ sórí gúrúùpù yẹn, please. Ẹ explain fún wọn pé wéèstì ni.”

Mo ní mi ò kọ nǹkan kan. Ìbínú ni mo kọ́kọ́ fi sọ ọ́. Nígbà tí ara mi balẹ̀, mi ò yí i padà, torí mo ti rí nǹkan kan. Àwọn èèyàn wa mọ wéèstì. Wọ́n ti jẹ àkàrà nínú pépà tí ojú bíṣọ́ọ̀bù ti gun ojú onítíátà, wọn ò sì sọ pé bíṣọ́ọ̀bù ti ń ṣe tíátà. Ọ̀rọ̀ náà kò bẹ̀rẹ̀ lára pépà. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú tí mo sì tún ń kun ètè, tí mo ń rẹ́rìn-ín sókè, ni wọ́n ti ń wá ìdí. Opó tó bá ń rẹ́rìn-ín gbọ́dọ̀ ní ẹni tó ń pa á lẹ́rìn-ín. Pépà kàn bá wọn níbi tí wọ́n ti ń dúró dè é ni.

Mo mọ adùn òfófó náà. Èèyàn méjì tí kò ní ọ̀rọ̀ bá ara wọn sọ á di ọ̀rẹ́ bí wọ́n bá rí ẹlòmíràn sọ. Ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ mi lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè má kórìíra mi. Ó kàn fẹ́ kí wọ́n sún fún òun lórí bẹ́ǹṣì ni. Ẹni tó ń gbọ́ kò sì ní béèrè ẹ̀rí, torí ẹ̀rí á ba ìjókòó wọn jẹ́. Ó yé mi, inú sì ń bí mi síbẹ̀. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a. Ta ló ní ogún ọdún nílẹ̀? Ìwádìí ń bọ̀.

Aláàkàrà gan-an gbà mí nímọ̀ràn. “Àǹtí, ẹnu ayé lẹbọ. Ẹ lọ kúnlẹ̀ fún ìyàwó bàbá onílé. Ẹ ra mínírà dání, ẹ ní kó má bínú.”

“Kí ni mo ṣe fún un?”

“Ẹ ò ṣe nǹkan kan. Ẹ sáà bẹ̀ ẹ́.”

Ìyàwó bàbá onílé yẹn mọ ìwé ìdúpẹ́ ara rẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ. Gbólóhùn kan láti ẹnu rẹ̀ ì bá pa iná náà. Kò sọ ọ́. Àwọn obìnrin ń wọ́ wá bá a kẹ́dùn, mo sì rò pé ó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti ṣìkẹ́ rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mi ò lọ kúnlẹ̀. Ètè mi tún wá pupa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, mo sì ń lọ ra àkàrà mi láràárọ̀. Bí wọ́n bá dákẹ́ nígbà tí mo dé, mo máa ń kí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí n lè rí bí wọ́n ṣe ń wá ibi tí wọ́n máa fojú sí. Ọmọ mi nìkan ni mi ò lè wò lójú. Ó ti ń dá mi lóhùn ṣókí-ṣókí, ẹ̀rù sì ń bà mí pé agídí mi ló máa gba ọkọ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ Sátidé kan, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo ń dúró de àkàrà mi nígbà tí ìyá àgbàlagbà kan bọ́ sílẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́. Ó kí wa, ó yíjú sí mi.

“Ẹ jọ̀ọ́, ṣé àdúgbò yìí lẹ̀ ń gbé? Opó kan wà nínú ilé tí wọ́n kùn ní yẹ́lò yẹn, ó ń ṣiṣẹ́ ìtẹ̀wé. Irú èèyàn wo ni?”

Ọwọ́ aláàkàrà dúró lórí òróró. Mo mọ̀ pé ìgbéyàwó ọmọ mi ló wà lẹ́nu mi yẹn. Mo lè yin ara mi, kí ìyá náà sì máa lọ.

“Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, mà,” ni mo wí. “Wọ́n ní ó ń fẹ́ ọkọ ọlọ́kọ. Wọ́n ní wọ́n ti jọ tẹ káàdì. Ohun tí wọ́n máa sọ fún yín ní gbogbo àdúgbò yìí nìyẹn.”

“Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́?”

“Irọ́ ni. Pépà tí a fi dán ẹ̀rọ wò ni, wọ́n sì mọ̀. Ṣùgbọ́n opó náà kò bẹ ẹnikẹ́ni, kò sì ní bẹ ẹ̀yin náà. Ó tọ́ ọmọ rẹ̀ dáadáa. Bí ẹ bá fẹ́ ọmọ náà, ẹ wá fẹ́ ẹ. Èmi ni ìyá rẹ̀.”

“Mo mọ̀,” ni ìyá náà wí. “Wọ́n ti fi àwòrán yín ránṣẹ́ sí mi kí n tó kúrò nílé.”

Ó jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì.

“Wọ́n sọ irú ẹ̀ nípa èmi náà rí, nígbà tí mo wà lọ́mọge. Mo bẹ̀ wọ́n láti ojúlé dé ojúlé. Wọ́n ní bí kì í bá ṣe òótọ́, kí ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún? Títí dòní, ẹbẹ̀ yẹn ni wọ́n fi ń rántí mi nílé wa.”

Ó ra àkàrà, ó wọ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ. Kò ṣèlérí kankan fún mi.

Oṣù tó tẹ̀lé e ni wọ́n wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Ilé ìtẹ̀wé wa la ti tẹ káàdì ìgbéyàwó ọmọ mi, èmi ni mo sì ká a. Nígbà tí iṣẹ́ parí, mo ṣa wéèstì rẹ̀ jọ, níbi tí ojú ọkọ ọmọ mi ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn obìnrin tí kò mọ̀ rí. Mo gbé e lọ fún aláàkàrà.

Ó wo èyí tó wà lókè, ó wò mí. “Àǹtí, ẹ̀rù ò bà yín?”

Mo ní kó fi ènì sí tèmi.