Bóòtù Tó Gùn Jù

Òórùn ọsàn ló máa ń jí mi ní Zuba nígbà náà, nítorí yàrá kan ṣoṣo tí èmi àti ọkọ mi ń gbé kò jìnnà síbi tí àwọn ọlọ́jà ti ń já èso sílẹ̀. Èkó ṣì ni olú-ìlú. Àbújá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di ìlú ni, eruku pupa àti ariwo katapílà ló kún ibẹ̀. Káfíńtà ni ọkọ mi, ará Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tèmi, lọ́dọ̀ àwọn agbaṣẹ́ṣe tó ń kọ́ ilé ìjọba. Èmi ń ránṣọ. A kò tíì pẹ́ tí a ṣègbéyàwó, a sì ní ọkọ̀ ìjàpá àlòkù kan tí à ń fi yangàn.

Nígbà tí oyún mi wọ oṣù keje, òyìnbó kan níbi iṣẹ́ wọn ń padà sílùú rẹ̀, ó sì fún ọkọ mi ní wíìlì mẹ́rin. Wọn kò dà bí wíìlì onírin tó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ wa. Wọ́n ń dán bí abọ́ tuntun, wọ́n sì nípọn. Inú mi dùn ju ti ọkọ mi tí wọ́n fún lọ. Mo ti ń rí ara mi níwájú ọkọ̀ pẹ̀lú gèlè ńlá lórí, tí gbogbo Zuba ń wò mí, bí ẹni pé èmi ni mo ṣe wíìlì náà.

Mẹkáníìkì wa, ọmọ Ọ̀ṣun kan lẹ́bàá títì Kàdúná, kò gbà láti dè é lọ́jọ́ náà. Ó ki bóòtù àtijọ́ tí wọ́n fi ń de wíìlì mọ́ ọkọ̀ bọ ihò wíìlì tuntun, ó ní kí ọkọ mi wo bó ṣe yọ díẹ̀ lódì kejì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó. Wíìlì yìí nípọn. Bóòtù yìí ò ní wọlé tó. Tí a bá fi dè é, wíìlì lè yọ lórí eré."

"Kí la wá máa ṣe báyìí?"

"Ká wá èyí tó gùn jù ú lọ. Bí eléyìí ṣe ń wọlé tó pẹ̀lú wíìlì àtijọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni tuntun gbọ́dọ̀ wọlé tó."

Ọkọ mi kì í ṣe aláìbìkítà. Ó gbé wíìlì kan dání lọ sí Kàdúná lọ́jọ́ ìsinmi rẹ̀, ó ń ti ìsọ̀ kan bọ́ sí òmíràn títí ó fi rí bóòtù tó bá a mu wẹ́kú. Mẹkáníìkì dè é, ó wa ọkọ̀ náà lọ wá bọ̀, ó ní ó ti dára. Ó sì dára lóòótọ́. Ọkọ mi kó àwọn bóòtù kúkúrú fún awakọ̀ kan tó ń lo ìjàpá bíi tiwa. Ọkùnrin náà ń súre, àwa ń ṣe àmín. Kò sẹ́ni tó rántí sípíà, táyà àfirọ́pò tó wà níwájú ọkọ̀. Wíìlì àtijọ́ tó fẹ́lẹ́ ló wà lára rẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi kan ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí. Ọkọ mi gbé mi sọ́kọ̀, a forí lé ilé ìwòsàn ní Gwagwalada. A ò tíì dé ìdajì ọ̀nà tí táyà ẹ̀yìn fi bẹ́.

"Fọkàn balẹ̀," ó ní. "Kò ní pẹ́ rárá."

Ó tẹ́ aṣọ fún mi lábẹ́ igi, ó fi jáàkì gbé ọkọ̀, ó sì de sípíà. Ṣùgbọ́n nígbà tó fẹ́ wa ọkọ̀, ọkọ̀ náà ń kérora lásán, kò lọ. Táyà náà kò yí. Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ sínú eruku, ó yọjú wo abẹ́ rẹ̀ títí.

"Bóòtù yìí gùn jù fún wíìlì yìí," ó ní. "Ó ti lọ há mọ́ bíréèkì."

Bó bá tú u díẹ̀, wíìlì á yí, ṣùgbọ́n á máa mì bí eyín tó fẹ́ yọ. Bó bá fún un, á há. Ó ń tú u, ó ń fún un, ẹ̀jẹ̀ ń jáde lọ́wọ́ rẹ̀, èmi ń fi eyín di aṣọ mú.

"Ẹ fi sílẹ̀," mo ní. "Ẹ wá di ọwọ́ mi mú." Kò gbọ́.

Awakọ̀ ọlọ́sàn kan, ará Hausa, ló dúró níkẹyìn. "Kai! Sànnu, màdáámù, sànnu!" Òun àti ọkọ mi gbé mi lé orí àpò ọsàn nínú ọkọ̀ rẹ̀, ó sì gbé wa dé ilé ìwòsàn. Àwọn nọ́ọ̀sì sa gbogbo agbára wọn. Obìnrin ni ọmọ náà, irun kún orí rẹ̀, iwájú orí bàbá rẹ̀ ló gbé wá. Kò ké.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, màmá," nọ́ọ̀sì kan sọ fún mi. "Ó ti rẹ̀ ẹ́ jù kó tó jáde."

Àwọn àgbà ìlú wa tó wà ní Zuba ló gbé e lọ, wọn kò sì jẹ́ ká mọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Lẹ́yìn tí a délé ni wàrà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lọ́mú mi. Mẹkáníìkì wá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ń sunkún pé òun ló yẹ kó rántí. Ọkọ mi gbé e dìde. Ó ta ọkọ̀ náà. Ọlọ́run fún wa ní àwọn ọmọ mìíràn, a tọ́ wọn, wọ́n dàgbà, ṣùgbọ́n a kò sọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn mọ́.

Láìpẹ́ yìí, ọmọbìnrin wa bímọ ní Life Camp, ní Àbújá. Wọ́n ní kí bàbá àgbà fún ọmọ lórúkọ, ó sì fún un ní èyí tó dára. Nígbà tí a ń padà sílé, ó dédé sọ pé, "Mo ní orúkọ kan tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n n kò lè fún ẹlòmíràn. Ó ní ẹni tó ni ín."

Mo bi í pé kí ni orúkọ náà. Ó sọ ọ́ fún mi. Mo pè é lẹ́ẹ̀kan, jẹ́jẹ́, kí n lè gbọ́ bó ṣe ń dún lẹ́nu ìyá ẹni tó ni ín.