Ọ̀pá Tí Mo Gbé Sẹ́yìn Ilẹ̀kùn

Kó, kó, kó. Bí ìyá mi ṣe máa ń fi ọ̀pá rẹ̀ kan ògiri nìyẹn tó bá fẹ́ mumi, tó bá fẹ́ yí ẹ̀gbẹ́ padà, tàbí tó kàn fẹ́ mọ̀ bóyá mo wà nílé. Ó ti lé lọ́dún kan tí kò ti lè dìde. Gàrí ni mò ń yan lẹ́yìnkùlé wa l'Áyétòrò, gàrí tó wà lórí iná kì í sì í dúró de èèyàn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó kan ògiri lẹ́ẹ̀mẹrin kí n tó yan agbada kan tán. Mo fi ìbínú wọlé, mo gba ọ̀pá náà, mo gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

“Màmá, ẹ jẹ́ n sinmi díẹ̀!”

Ó wò mí, mo sì padà sídìí gàrí mi. Nígbà tí mo padà wọlé, ó ti kú.

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n ń yìn mí pé mo tọ́jú ìyá mi dópin, èmi náà ń dúpẹ́. Lẹ́yìn ìsìnkú ni ìbínú dé. Mo bú oníbàárà tó ti Ìlárá wá, torí ó ní iyanrìn wà nínú gàrí mi. Iyanrìn sì wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ọmọ mi obìnrin kí mi, mo ní kí ló ń kí mi fún. Nígbà tó yá, mi ò lókun láti bínú mọ́. Oúnjẹ ò wọlé, mi ò wẹ̀, ẹsẹ̀ mi wúwo bíi pé mo wà nínú ẹrẹ̀. Mo sì ń gbọ́ ọ lára ògiri: kó, kó, kó. Mo gbà pé ìyá mi ló ń bá mi jà. Èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni kànga ẹ̀yìnkùlé, torí ọkàn mi ń sọ fún mi pé inú ibẹ̀ ni mo ti máa sinmi.

Ọmọ mi bá mi lẹ́yìnkùlé, mo kẹ̀yìn sí kànga náà, mò ń sá wọlé. “Màmá, kí lẹ̀ ń sá fún?” Ni mo bá jẹ́wọ́. Ó sunkún, ó fi pákó dé kànga, ó sì fi ọ̀kadà gbé mi lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì.

Nọ́ọ̀sì ní, “Òkú kọ́ ló ń bá yín jà, Màmá. Ara yín lẹ̀ ń bínú sí, ó sì ti di àìsàn. Ó ní ìtọ́jú.”

Díẹ̀ ló kù kí n bú òun náà. Àmọ́ mo padà lọ, mo tún padà lọ. Ó pẹ́ kí ògiri tó dákẹ́.

Èmi náà ti darúgbó, ọwọ́ mi ni ọ̀pá yẹn wà báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo fi kan ògiri, ọmọ mi jágbe mọ́ mi láti ìta. Nígbà tó wọlé, mo rí ẹ̀rù lójú rẹ̀, ẹ̀rù tí mo mọ̀ dáadáa. Mo fà á jókòó.

“Gbọ́, bí mo bá kú lónìí, kì í ṣe ẹnu rẹ ló pa mí.”

“Ẹ̀yin Màmá yìí! Ṣé omi lẹ fẹ́ ni, àbí ẹjọ́?”

Omi ni mo fẹ́. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ ìyẹn ná.