Ìwé Tó Ga Jù Mí Lọ

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà tí mo máa ń di ọmọ Ivory Coast lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, fún bíi wákàtí kan. Ọ̀sán Sátidé ni, ní pápá Koumassi Remblais, níbi tí a ti ń gbá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n. Mo ga bí òpó iná. Bí mo bá ju bọ́ọ̀lù wọ àwọ̀n, gbogbo àdúgbò á pariwo, "Notre fille!", ọmọ wa nìyẹn. Bí mo bá ta á nù, mo di Ànàgó, orúkọ tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀, wọ́n á sì ní kí n padà lọ bá bàbá mi ta páàtì ọ̀kadà. Ẹ ò rí i pé mo ní ìdí láti mọ bọ́ọ̀lù jù dáadáa.

Ọdún kejì lẹ́yìn tí àwọn ológun gbàjọba ní Ivory Coast, a lọ na àwọn ọmọbìnrin Siporex nílé wọn ní Yopougon. Ọ̀gá tó ń kọ́ wa pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n ti mú mi mọ́ àwọn ọ̀dọ́ tí yóò lọ ṣojú orílẹ̀-èdè ní Dakar.

"Ma fille," ó ní, "il reste seulement le certificat."

Ìwé ẹ̀rí pé ọmọ onílẹ̀ ni mí ló kù. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé iyọ̀ ló kù kí ọbẹ̀ jinná.

A wá yọ ìwé ìbí mi síta. Ilé ìwòsàn Koumassi ni ìyá mi bí mi sí, ṣùgbọ́n ìwé sọ pé ìlú bàbá mi ni, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ìlú tí mi ò fojú rí rí. Gààrí ibẹ̀ nìkan ni mo mọ̀. Nígbà tí akọ̀wé béèrè ibi tí wọ́n ti bí mi, bàbá mi dá a lóhùn bí gbogbo àgbà ìlú wa ṣe ń dáhùn: ó dárúkọ ilé. Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ta ló máa fi ilé àyágbé nílẹ̀ onílẹ̀ ṣe orísun ọmọ?

"Bàbá, ẹ ti ba ayé mi jẹ́," ni mo wí.

Bàbá mi, tí kì í tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ní, "Ìyá mi, má bínú. Mi ò mọ̀ pé ilé lè pa ọmọ lára." Odindi oṣù kan ló fi ń fún mi ní ẹran tirẹ̀. Mo ń jẹ ẹran náà, mi ò sì dárí jì í.

Kí wọ́n tó lè tún ìwé náà ṣe, ó ní láti mú ẹlẹ́rìí méjì lọ síwájú adájọ́. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ ìlú wa ṣèpàdé, wọ́n jẹ obì, wọ́n sì fi ọgbọ́n pinnu pé àwọn ò ní jẹ́rìí. "Ṣé o fẹ́ ta ọmọ fún wọn ni?" ni wọ́n bi í. Aládùúgbò wa obìnrin tó gbé ìyá mi lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ tó bí mi ló bá wa lọ, òun àti ọkọ rẹ̀.

"Alors, ẹ purọ́ nígbà yẹn?" ni adájọ́ bi bàbá mi.

Òógùn bo bàbá mi nínú agbádá. Ó fi Faransé rẹ̀ tó ń tiro fèsì pé, "Mi ò purọ́, monsieur le juge. Wọ́n ní níbo lọmọ mi ti wá, mo sì sọ ọ́." Ojú tì mí, àánú rẹ̀ sì ṣe mí.

Adájọ́ fọwọ́ sí i. Mo di ẹni tí wọ́n bí ní Koumassi. Ọjọ́ yẹn gan-an la gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń gba certificat. Obìnrin tó wà nídìí fèrèsé kà á tán, ó ní ká mú ìwé àwọn òbí wá. Bàbá, Nàìjíríà. Ìyá, Nàìjíríà.

"Mais papa," ó ní jẹ́jẹ́, "ibi tí wọ́n bí i sí ò ṣe nǹkan kan. Bàbá àlejò, ìyá àlejò, ọmọ àlejò. Ì báà jẹ́ orí ibùsùn ààrẹ ni wọ́n bí i sí."

A wọ gbaka, bọ́ọ̀sì kékeré ibẹ̀, padà sílé. Bí a ṣe kọjá afárá báyìí, bàbá mi bú sẹ́rìn-ín. "Kì í ṣe èmi! Ṣé o gbọ́? Ìwé yẹn ì báà tọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, wọn ò ní fún ọ. Kì í ṣe ẹ̀bi mi!" Ó sọ ọ́ fún ìyá kan tó jókòó tì wá, tí kò gbọ́ Yorùbá. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí i tí ara tù ú bẹ́ẹ̀.

Mo yíjú sí fèrèsé, mo sì ń sunkún. Mo ti ń múra àtidárí jì í. Títí di àárọ̀ yẹn, mo mọ ẹni tí mo ń bínú sí, ilé kan náà la sì jọ ń gbé.