Wọ́n Dé Ẹnu Sìkúrù ní Òtútù

Òórùn ẹ̀pà gbígbóná àti òórùn epo ẹ́ńjìnnì, méjèèjì ní àpapọ̀, ni ó máa ń kọ́kọ́ pàdé ẹni tí ó bá ń bọ̀ láti Kofar Kware, ẹnubodè kan ní Sokoto, ní ọdún tí wọ́n gbé ẹ̀rọ epo ẹ̀pà dé. Títí di òní, bí mo bá gbóòórùn rẹ̀ níbikíbi, ẹsẹ̀ mi á dúró fúnra rẹ̀. Ojú mi méjèèjì yìí ni mo fi rí ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ, ẹnikẹ́ni kò rò ó fún mi. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé láìpẹ́ yìí ni mo gbọ́ tí àwọn kan ń sọ ọ́ lọ́jà, àwọn tí kò tíì mọ ọ̀nà Sokoto rárá nígbà yẹn, wọ́n ní àǹjọ̀nú ló wọ inú ẹ̀rọ náà. Àǹjọ̀nú wo? Ẹni tí kò bá mọ nọ́ọ̀tì yàtọ̀ sí bóòtì, àǹjọ̀nú ni yóò máa rí kiri. Ènìyàn ló ṣe é. Mo mọ ẹni náà, mo mọ ibi tí ó dúró sí, mo sì mọ ibi tí èmi náà dúró sí.

Àlájì kan, ọmọ Ìlọrin bíi tèmi, tí ó ti fi òwò obì di ènìyàn ní Sokoto, ni ó lọ ra ẹ̀rọ tí ń fún epo ẹ̀pà, àlòkù, láti Kano. Ṣáájú ìgbà náà, àwọn obìnrin ni wọ́n ń fi ọwọ́ po ẹ̀pà lílọ̀ títí epo rẹ̀ á fi jáde, tí wọ́n á sì fi èyí tó kù dín kúlíkúlí. Ẹ̀rọ náà dé nínú lọ́rì ní wẹ́lẹwẹ̀lẹ, bí egungun màlúù tí ajá ti jẹ kù, kò sì sí ẹnìkan nínú gbogbo ìlú tó mọ èyí tó jẹ́ orí tàbí ìrù rẹ̀. Èmi ni Àlájì ránṣẹ́ pè. Ta ni ì bá tún pè? Lóòótọ́, ìwé mi kò kọjá kíláàsì kejì. Olùkọ́ ní orí mi le jù. Orí tó le náà ni mo gbé wọ ilé-iṣẹ́ epo ẹ̀pà ní Kano, tí mo fi lo ọdún mẹ́fà níbẹ̀, nígbà tí mo sì fi máa kúrò, bí mo bá ti fi etí kan ara irin báyìí, mo ti mọ ohun tó ń dùn ún. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ni kò lè mọ ohun tó ń dun ìyàwó tirẹ̀.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé sìkúrù náà fún ọ, nítorí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀. Irin gígùn kan ló wà láàárín, bí a bá gbé e dúró, ó ga ju èmi àti ìwọ lọ. Òrùka irin mọ́kànlá ni a ó máa tì wọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, òrùka tó jẹ́ pé ọkùnrin méjì ló ń gbé ẹyọ kan. Ìyẹ́ wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan tó wé e yípo bí ejò. Bí gbogbo wọn bá jókòó dáadáa, ìyẹ́ èyí á bá ìyẹ́ èyí mu, wọn á di ejò kan ṣoṣo láti ìrù dé orí. Ejò yìí ló ń gbé ẹ̀pà láti ibi tí a ti ń dà á sí, tó ń fún un mọ́ àgò irin tó yí i ká, tí epo á máa já sílẹ̀ tó-tó-tó, tí ẹ̀pà tí a ti fún gbẹ á sì gba ẹnu kejì jáde ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ. Ní ẹnu ibẹ̀ ni ìdénu wà, irin wíwúwo kan tó rí bí odó tí a dojú rẹ̀ dé, nọ́ọ̀tì ńlá ni a fi ń tì í wọlé, òun náà ni a fi ń fà á sẹ́yìn. Tì í wọlé, ẹnu á há, epo á pọ̀. Fà á sẹ́yìn, ẹnu á gbòòrò, ara á tu ẹ̀rọ. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ ibẹ̀ ni ọgbọ́n wà: ní òwúrọ̀ tí irin ṣì tutù, ẹnu rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣí gbàgà. Ẹ̀pà díẹ̀díẹ̀ ni kí o máa bù sí i, títí ara irin á fi gbóná tí ọwọ́ kò ní lè gbà á mọ́, kí o tó máa ti ìdénu wọlé ní ìwọ̀n èékánná. Àwọn obìnrin oníkúlíkúlí mọ èyí láìrí ẹ̀rọ rí. Omi gbígbóná ni wọ́n ń wọ́n sí ẹ̀pà wọn kí wọ́n tó fi ipá pò ó. Epo kì í dá ẹni tó bá a jà ní òtútù lóhùn.

Ẹnìkejì mi nínú iṣẹ́ náà ni alágbẹ̀dẹ kan, ọmọ Hausa, tí bàbá rẹ̀ àti bàbá bàbá rẹ̀ jẹ́ alágbẹ̀dẹ. Èmi kì í yin ènìyàn, o mọ̀ mí, ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí, mo yìn ín. Òwú tí ó ti fi èédú pa ni ó máa ń nà láti ìpẹ̀kun kan sí èkejì láti fi wò bóyá irin àárín gún. Bí a bá sì ti òrùka kan wọlé, á fi òòlù kékeré gbá a lẹ́ẹ̀kan, á dákẹ́, á gbọ́ ohùn rẹ̀. "Ọ̀rẹ́," yóò wí fún mi ní Hausa, "eléyìí kò tíì jókòó, ó kàn lóṣòó ni." A ó sì tún un yọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni a fi ṣe é báyìí, pẹ̀lú òpó mẹ́ta tí a so lórí pọ̀ àti ṣéènì tí a fi ń gbé irin sókè. Òrùka mẹ́sàn-án ti jókòó nígbà tí ọ̀gá-ìwé dé.

Èmi ni mo sọ ọ́ ní ọ̀gá-ìwé. Àwọn ẹbí Àlájì ni wọ́n lọ ń kùn sí i létí pé báwo ló ṣe máa kó irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lé púrúǹtù àti alágbẹ̀dẹ lọ́wọ́, ni Àlájì bá ránṣẹ́ sí gúúsù, wọ́n sì fi ọ̀dọ́mọkùnrin kan ránṣẹ́ tí ó ní ìwé ẹ̀rí. Ó wọ ṣòkòtò péńpé funfun, ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ dé orúnkún, ó fi pẹ́ńsù há etí. Pẹ́ńsù ni ó fi kan òrùka tí ọkùnrin méjì ń gbé, tó-tó, bí ẹni tí ń kan ilẹ̀kùn àna rẹ̀. Kò kí ẹnikẹ́ni ní "sánnù." Mo fi tó ọdún mẹ́rin jù ú lọ, síbẹ̀, "ìwọ" ni ó ń pè mí. Ọjọ́ tí a fi ṣéènì gbé sìkúrù sókè láti sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sínú àgò, ọ̀nà jíjìn tí ó lọ dúró sí, mo rò pé mọ́sálááṣí míràn ló ń lọ.

"Ṣé irin yẹn máa ń jẹni?" Mo bi í léèrè, àwọn alágbàṣe sì rẹ́rìn-ín.

Kò gbàgbé ẹ̀rín yẹn. Mo sọ èyí kí ó lè yé ọ pé èmi ni mo kọ́kọ́ ta á.

Ọjọ́ tí a fẹ́ dán an wò, Àlájì ti pe àwọn ènìyàn pàtàkì. Ó ti kó gbogbo ohun tí ó ní lé ẹ̀rọ náà, gbogbo ìlú ló mọ̀. Bí epo bá jáde, ó di ọba nínú àwọn oníṣòwò, bí kò bá jáde, yóò padà sídìí obì. Ọyẹ́ mú lówùúrọ̀ ọjọ́ náà tó bẹ́ẹ̀ tí ètè wa là, àwọn ènìyàn fi kúbùsù bo orí, eruku bo ojú oòrùn. Irin tutù bí òkú. Ọ̀gá-ìwé fẹ́ kí epo tú jáde yàà lójú àwọn àlejò, ó ṣí ìwé rẹ̀, ó wo ìwọ̀n àlàfo tí ó yẹ kí ó wà lẹ́nu sìkúrù tó bá ń ṣiṣẹ́, ó sì ní kí wọ́n ti ìdénu wọlé dé ibẹ̀ gan-an. Ṣáájú èyí, ó ti ní kí wọ́n yọ́ kàró, oje igi ẹlẹ́gùn-ún tí wọ́n ń kó nínú igbó Sokoto, kí wọ́n fi pa bẹ́líìtì tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ sìkúrù, nítorí pé bẹ́líìtì ń yọ̀. Ẹni tó mọ iṣẹ́ mọ̀ pé bẹ́líìtì tó ń yọ̀ ni àánú ẹ̀rọ. Bí nǹkan bá há, bẹ́líìtì á yọ̀, irin á sì yè. Òun lẹ àánú pa.

Mo sún mọ́ ọn, mo sì bọ̀wọ̀ fún un lójú Àlájì. "Ọ̀gá, irin ṣì tutù. Ẹ jẹ́ ká ṣí ẹnu rẹ̀ ná."

Ó na ìwé náà sí mi. "Ka ibí yìí sí wa létí."

Ìdénu ni mo tẹjú mọ́.

"Kà á! Àbí kò hàn?" Ó yíjú sí àwọn èrò. "Ẹ wò ó, kò mọ A, òun ló fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àwọn alágbàṣe tí wọ́n bá mi rẹ́rìn-ín ní ìjelòó náà rẹ́rìn-ín. Bí ẹ̀rín alágbàṣe ti rí nìyẹn, ibi tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí ló ń lọ. Àlájì kò rẹ́rìn-ín. Ó wo bàtà rẹ̀.

"Má fọwọ́ kan nǹkankan mọ́ níbí, àfi bí mo bá ní kí o fọwọ́ kàn án," ni ọ̀gá-ìwé wí. "Ṣó yé ọ?"

"Ó yé mi," ni mo wí. Mo lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá tí a fi ń ti bẹ́líìtì kúrò lórí kẹ̀kẹ́ ẹ́ńjìnnì, mo ká ọwọ́ mi gbéra mọ́ àyà.

Wọ́n tan ẹ́ńjìnnì. Wọ́n da odindi àpò ẹ̀pà kan sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ń lọ, àwọn àlejò ń pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ yí padà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí kérora nísàlẹ̀, bí ràkúnmí tí wọ́n di ẹrù lé ju agbára rẹ̀ lọ. Epo kò kán. Èéfín tín-ín-rín kan yọ lẹ́nu ìdénu. Mo wo ọ̀gá-ìwé: ó ń ṣí ìwé, ó ń fi itọ́ sí ìka, ó ń ṣí i lọ. Inú mi dùn. Mi ò ní purọ́ fún ọ, inú mi dùn gan-an ni.

Alágbẹ̀dẹ wò mí láti òdìkejì. "Ọ̀rẹ́, ṣé o gbọ́ ọ?"

"Mo gbọ́ ọ," ni mo dá a lóhùn. "Jẹ́ kí ìwé náà gbọ́ ọ."

Ó pòṣé. Òun kò mọ bí a ṣe ń káwọ́ gbéra, kò sí nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Irin ń jìyà níwájú rẹ̀, ìyẹn ti tó fún un. Ó gbé sípánà gígùn, ó sáré lọ sí ẹnu sìkúrù, ó fi kọ́ nọ́ọ̀tì ńlá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí fà á kí ó lè tú ìdénu sẹ́yìn. Ọ̀pá bẹ́líìtì kò ju ìnàwọ́ kan lọ sí mi. Bí mo bá nawọ́ fà á, ẹ̀rọ á dúró. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ní kí n má fọwọ́ kan nǹkankan, mo sì fẹ́ kí ọmọkùnrin yẹn fi ẹnu ara rẹ̀ bẹ̀ mí, lójú gbogbo àwọn tó rẹ́rìn-ín. Èyí ni mo ń dúró dè.

Irin àárín dún bí ìbọn. Ó ti ṣẹ́. Ìdénu yí bìrí lẹ́ẹ̀kan, ó gbé sípánà pẹ̀lú ọwọ́ tó dì í mú, ó sì nà án mọ́ ara férémù. Ìgbà yẹn ni mo tó fa ọ̀pá.

Ọ̀gá-ìwé ní ohun tó ṣẹlẹ̀ kò sí nínú ìwé. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó ti wọ lọ́rì padà sí gúúsù. Mo gbọ́ pé ó ti di ọ̀gá tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì yà mí lẹ́nu, irú wọn kì í tẹ́. Àlájì padà sídìí obì. Àwọn obìnrin oníkúlíkúlí ń po epo wọn lọ bí wọ́n ti ń ṣe. Nígbà tí ẹnìkan kọ́kọ́ dá ọ̀rọ̀ àǹjọ̀nú sílẹ̀, Àlájì kò jiyàn, nítorí ó sàn fún un ju kí wọ́n sọ pé ó gba ọ̀dẹ̀ síṣẹ́. Èmi náà kò jiyàn nígbà yẹn.

Mo lọ kí alágbẹ̀dẹ nílé rẹ̀. Ó jókòó sídìí ẹwìrì, ọwọ́ òsì ni ó fi ń fẹ́ iná fún àbúrò rẹ̀, àbúrò rẹ̀ ló di òòlù mú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí bú ọ̀gá-ìwé, mo bú u títí, mo bú ìwé, mo bú kàró. Ó jẹ́ kí n parí.

"Òun kò gbọ́ ọ," ni ó wí. "Ìwọ gbọ́ ọ."

Ó gbé omi fún mi, mo mu, mo lọ.

Títí di òní, mi ò ka ọ̀gá-ìwé sí ènìyàn. Mi ò ní yí i padà, mo sì mọ̀ pé mo jàre lórí ọ̀rọ̀ ìdénu. Ṣùgbọ́n òpè ṣe ìwọ̀n tí òpè lè ṣe. Èmi ni mo mọ̀ jù níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ọwọ́ mi méjèèjì sì wà ní kíká mọ́ àyà. Bí wọ́n bá tún sọ fún ọ pé àǹjọ̀nú ni, sọ fún wọn pé o ti bá ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá sọ̀rọ̀.

Ohun tó ṣòfò nìyí: irin àárín kan. Òrùka mẹ́ta. Àpò ẹ̀pà kan. Ìka mẹ́ta, ọwọ́ ọ̀tún.