Ọdún Tí Mo Di Ògbufọ̀ Fíìmù ní Wadata

Òórùn fàrímàsà, ìyẹ̀fun tí wọ́n ń dín bí àkàrà, ló máa ń jí wa lágboolé wa ní Wadata, àdúgbò kan ní Niamey lórílẹ̀-èdè Niger. Obìnrin Hausa kan ló ń dín in lẹ́nu ọ̀nà kí oòrùn tó yọ, òórùn rẹ̀ á sì gba orí ògiri wọlé wá bá wa lórí ẹní. Láàárọ̀ Sátidé tí mo fẹ́ sọ yìí, ọyẹ́ ti mú gan-an. Eruku bo gbogbo Niamey bí ẹni pé wọ́n da aṣọ bò ó, ètè wa gbẹ, Màámi sì ń fi òrí pa àbúrò mi Ìyábọ̀ lára, ìyẹn ń sá, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni Ìyábọ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni èmi, mo sì wà ní CM2, kíláàsì ìkẹyìn ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Àwa tí a fẹ́ràn fíìmù máa ń bi ara wa léèrè pé ọdún wo ni fíìmù dùn jù. N kì í ronú kí n tó dáhùn. Ọdún CM2 mi ni. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ bá kásẹ́ẹ̀tì láyé á rántí bí a ṣe máa ń fi ìka yí i padà tó bá há. Mẹ́ta ló wọ̀ mí lọ́kàn lọ́dún náà. Àkọ́kọ́ ni ti ìyàwó méjì tó ń jà sí odó kan títí odó fi là sí méjì. Bàámi tí kì í rẹ́rìn-ín bọ́ fìlà rẹ̀, ó fi nu omijé ẹ̀rín. Èkejì ni ti ọdẹ kan tó gbàgbé orúkọ ara rẹ̀ nínú igbó, tí àwọn ọmọ rẹ̀ dúró létí igbó tí wọ́n ń fi oríṣiríṣi orúkọ pè é. Ọjọ́ méjì ni mo fi sunkún ìyẹn. Ẹ̀kẹta ni ti ọ̀rẹ́ méjì: ọ̀kan fọ́jú, èkejì re ìlú ńlá, ó jalè, ó sì padà wá pẹ̀lú orúkọ mìíràn kí ẹnikẹ́ni má baà dá a mọ̀. Ìdajì ẹ̀kẹta yìí péré ni mo rí.

Ọkùnrin Hausa kan, Màlàm Sání, ló ní ilé fídíò kan lẹ́yìn ọjà Wadata. Tapólì ni òrùlé rẹ̀, pákó ni bẹ́ǹṣì rẹ̀, jẹnẹrétọ̀ sì máa ń hó lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn awakọ̀ tó ń ti Nàìjíríà bọ̀ ló ń bá a mú kásẹ́ẹ̀tì Yorùbá wá, ṣùgbọ́n Hausa àti Zarma ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń wò ó, wọn kò sì gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí Màámi rán mi níṣẹ́, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀, mo ń túmọ̀ rẹ̀ fún ọmọbìnrin kan. Màlàm Sání gbọ́ mi, ó ní kí n bọ́ síwájú. Láti ọjọ́ náà ni mo ti di ògbufọ̀. Màá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, màá sọ ọ́ ní Hausa, màá tún un sọ ní Zarma. Ní ilé ẹ̀kọ́, wọ́n máa ń fi Faransé mi ṣe yẹ̀yẹ́. Nílé, Màámi máa ń sọ pé Yorùbá mi kò jinlẹ̀. Ṣùgbọ́n níbẹ̀, àwọn àgbàlagbà máa ń dákẹ́ kí wọ́n lè gbọ́ mi.

Màámi kò mọ̀ pé mò ń lọ. Ó ti kìlọ̀ tipẹ́ pé, "Ọmọbìnrin kì í jókòó síbi tí kò ti lè pe orúkọ ẹni tó jókòó tì í."

Lọ́sàn-án Sátidé yẹn, Màámi fẹ́ lọ kí ìyá ìkókó kan ní àdúgbò Maourey. Bàámi wà ní Agadez níbi tó ti ń ta páàtì ọkọ̀. Màámi fi ọwọ́ Ìyábọ̀ lé mi lọ́wọ́. "Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí," ó wí. "Ọwọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ kúrò nínú tìrẹ títí n ó fi dé." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Bí takisí tó wọ̀ ṣe yà báyìí, mo gbé Ìyábọ̀ pọ̀n. Mo mọ̀ pé fíìmù ọ̀rẹ́ méjì ni wọ́n máa fi hàn lẹ́yìn ìrun ọ̀sán.

Màlàm Sání dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ràmọ́tà, ṣé ìyá rẹ mọ̀ pé o mú ọmọdé wá?"

Mo ní ó mọ̀.

Ó wo Ìyábọ̀, ó mi orí. "Mú un padà sílé. Lónìí a ó wò ó láìsí ìtumọ̀."

Mo ní Màámi ló ní kí n mú un wá, nítorí pé kò sí ẹnì kankan nílé. Irọ́ kejì nìyẹn. Ó wá ní kí n gbé e jókòó síwájú, níbi tí ojú mi á ti máa tó o. Mo gbé e síbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n Ìyábọ̀ kò jókòó jẹ́ẹ́. Ó ń fa aṣọ mi, ó ń béèrè omi, àwọn ènìyàn sì ń kùn pé wọn kò gbọ́ mi. Nígbà tí Màlàm Sání jáde lọ bu epo sí jẹnẹrétọ̀, mo fa ọmọ náà dìde, mo gbé e sórí bẹ́ǹṣì ẹnu ọ̀nà, mo ní kó má kúrò níbẹ̀.

Fíìmù náà gbà mí lọ́kàn pátápátá. Ó dé ibi tí afọ́jú gbọ́ ohùn ọ̀rẹ́ rẹ̀ láàárín ọjà. Ó kàn gbé ojú sókè. Gbogbo ilé dákẹ́, wọ́n ń dúró de ẹnu mi. Mo yíjú sí wọn láti sọ̀rọ̀, mo sì rí i pé kò sí ẹnì kankan lórí bẹ́ǹṣì ẹnu ọ̀nà.

N kò mọ bí mo ṣe dé ìta. Mo pe Ìyábọ̀, mo tún pè é. Ojú pópó kún fún alùpùpù àti ọmọlanke, eruku kò sì jẹ́ kí n rí ọ̀ọ́kán. Ọkọ̀ kan ń fọn fèrè ní gáréèjì, ó ti fẹ́ gbéra lọ sí Dosso, ọmọdé sì pọ̀ nínú rẹ̀. Màlàm Sání pa tẹlifíṣọ̀n, ó sáré kọjá mi, ó dúró níwájú ọkọ̀ náà, ó ní awakọ̀ kò ní lọ àfi tí òun bá wo inú rẹ̀. Ó wò ó. Ìyábọ̀ kò sí níbẹ̀. Ó tún sáré lọ síbi òmíràn.

Nígbà tí Màámi dé, èrò ti pọ̀. Wọ́n ti sọ fún un lọ́nà. Kò pariwo, ìyẹn ló sì bà mí lẹ́rù jù.

"Ta ló mú yín wá síbí?"

Mo wo ọwọ́ rẹ̀. "Màlàm Sání ni," mo wí. "Òun ló ní kí n mú un wá. Ó ní kí n fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ òun."

Ọkùnrin kan láàárín èrò béèrè ohun tí mo sọ. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un ní Hausa. Ẹlòmíràn béèrè, mo tún un sọ ní Zarma. Ẹnu tèmi yìí náà ni.

Màlàm Sání ṣẹ̀ṣẹ̀ ń padà bọ̀ láti gáréèjì, òógùn bò ó. Ó gbọ́. Ó wò mí. "Ràmọ́tà?" ó wí. Kò rí àyè sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n dì í mú, wọ́n lù ú, wọ́n fa tapólì rẹ̀ ya, ẹnì kan sì gbé tẹlifíṣọ̀n là mọ́lẹ̀. Mo dúró ti Màámi, mo di aṣọ rẹ̀ mú.

Wọn kò tíì fi í sílẹ̀ nígbà tí ìyá arúgbó Zarma kan tó ń ta igbá dé pẹ̀lú Ìyábọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní òun rí ọmọ náà tó ń sunkún wá omi, òun fún un ní fùrá mu, ó sì sùn sẹ́yìn igbá òun. Màámi kúnlẹ̀ fún un nínú iyanrìn. Àwọn èrò tú ká lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó bá Màlàm Sání sọ̀rọ̀.

Ilé fídíò náà kò ṣí mọ́. Màlàm Sání kó lọ sí ọjà Katako, ó ń tún rédíò ṣe. Tí èmi àti Bàámi bá gba ibẹ̀ kọjá, ẹ̀yìn Bàámi ni mo máa ń sá sí.

Mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún dáadáa báyìí. Ògbufọ̀ ni mí ní kóòtù fún àwọn tó wá rojọ́ tí wọn kò gbọ́ Faransé, mo sì ti búra pé n kò ní fi ọ̀rọ̀ kan kún ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni. Ìbúra yẹn ló ń gún mi lọ́kàn, tí mo fi lọ sí Katako lọ́dún tó kọjá. Màlàm Sání ti darúgbó. Mo kí i, mo sọ orúkọ mi, mo sì sọ gbogbo rẹ̀: pé ó ní kí n mú ọmọ náà padà sílé, pé èmi ni mo gbé e sẹ́nu ọ̀nà, pé mo purọ́ mọ́ ọn.

Ó gbé rédíò ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ọmọ náà ńkọ́?"

Mo ní ó wà, ó ti bímọ méjì.

"Ó dáa," ó wí. "Àwọn tó lù mí, mo ṣì ń kírun pẹ̀lú àwọn tó kù nínú wọn ní Wadata. Ọmọdé wà níbẹ̀ tí àwọn òbí wọn kì í jẹ́ kí wọ́n sún mọ́ mi. Wá bá mi sọ ọ́ fún wọn."

N kò rò pé ohun tó máa béèrè nìyẹn. A jọ wọ takisí. Lẹ́yìn ìrun àsárì, mo dúró lábẹ́ igi dógóyárò níwájú àwọn àgbàlagbà mẹ́fà. Ọmọ ọdún mọ́kànlá yẹn kò wárìrì nígbà tó ń purọ́ ní èdè mẹ́ta. Èmi tí mo dàgbà, tí òótọ́ wà lẹ́nu mi, mo fi ọwọ́ di igi náà mú. Mo sọ ọ́ ní Hausa, mo sọ ọ́ ní Zarma. Ọ̀kan nínú wọn, tí etí rẹ̀ ti ń di, ní òun kò gbọ́, kí n tún un sọ.

Mo tún un sọ.